Òrùlé Pupa Tó Bọ́ Sínú Adágún

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, irú ẹjọ́ tí ojú sánmà dá sílẹ̀ tí ẹni orí ilẹ̀ wá ń jìyà rẹ̀. Màmá aránṣọ kan ló pe ẹjọ́. Opó ni, ilé kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ránṣọ jẹun. Oorun ò kan ojú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni ayàwòrán-ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ojú-Sánmà, ọkùnrin tó ń jókòó lórí àga rí òkè òkun, tí kò mọ ilé tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀.

"Kábíyèsí," ni màmá wí, "wọ́n ní omi ni mí."

"Omi báwo?"

"Nínú àwòrán ọ̀gbẹ́ni yìí, ilé mi ti di adágún. Ìjọba ní kí n kó jáde kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, àwọn fẹ́ fi yanrìn dí i. Wọ́n ti já yanrìn sẹ́nu ọ̀nà mi!"

Ọba yíjú sí Ojú-Sánmà. Ìyẹn kọ́kọ́ tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe ná.

"Kábíyèsí, sátẹ́láìtì méjì tó ń yàwòrán ilẹ̀ láti ojú sánmà là ń lò. Ọ̀kan ríran kedere, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka páànù orí ilé, àmọ́ dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Èkejì mọ gbogbo àwọ̀, àmọ́ bàìbàì ló ń ríran. Èmi ni mo ń gbé àwọ̀ ti èkejì lé orí ti àkọ́kọ́, kí wọ́n lè di àwòrán kan tó dáa."

"Ṣé o tò wọ́n rẹ́gí kí o tó lẹ̀ wọ́n pọ̀?" ni ìjòyè kan bi í.

"Ẹ̀rọ ló yẹ kó tò wọ́n."

"Ṣé ẹ̀rọ tò wọ́n?"

"N ò bi í."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i: odindi ilé, nítorí ẹni tí kò bi ẹ̀rọ léèrè.

"Àwòrán mi ò parọ́," ni Ojú-Sánmà tẹnu mọ́ ọn. "Bóyá ilé ló rìn."

"Ilé ló rìn?"

"Ilẹ̀ máa ń yẹ̀, Kábíyèsí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ ọ́. Bí ilé ẹni ò bá gbélé, ṣé ẹ̀bi tèmi ni?"

Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ẹni tó ń kó àwòrán wá fún un, kó wá jẹ́rìí.

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ya méjèèjì," ni ìyẹn búra.

"Adágún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé màmá rí báwo lọ́jọ́ náà?" ni Ọba bi í.

"Nínú ọ̀kan, òjò ti kún un dé etí. Nínú èkejì, ó gbẹ táútáú."

"Lọ́jọ́ kan náà?"

"Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, Kábíyèsí."

Wọ́n ní kó jókòó. Apẹja orí adágún ló kàn, nítorí nínú àwòrán, àwọ̀ ti yẹ̀: àwọ̀ omi bọ́ sórí ilé màmá, òrùlé pupa rẹ̀ sì bọ́ sórí omi.

"Ṣé o ti rí òrùlé pupa nínú omi náà rí?"

"Àràárọ̀ ni mo ń rí i."

Ojú-Sánmà yọ eyín. "Ẹ ò gbọ́?"

"Báwo ló ṣe máa ń rí?"

"Ó máa ń dorí kodò, Kábíyèsí."

"Èyí tí kò dorí kodò ńkọ́?"

"Ó wà lórí ilé màmá. Ibẹ̀ náà ló ti ń wo ara rẹ̀ nínú omi."

Ojú-Sánmà ò tiẹ̀ tijú.

"Kábíyèsí, àwọn ọ̀gá ti buwọ́ lu àwòrán náà. Ó rọrùn kí ilé bá àwòrán mu ju kí àwòrán bá ilé mu lọ. Kí màmá ṣáà wá ibòmíràn gbé."

Ni màmá bá bú sẹ́kún.

"Màmá, ẹ nu ojú yín," ni Ọba wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé yín. Ojú-Sánmà, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwòrán rẹ ní ilé olórùlé pupa kan wà lórí adágún, a ò sì rí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. A fi ta ọ́ lọ́rẹ. Apẹja á fi ọkọ̀ gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni wàá sì máa sùn títí àwòrán rẹ yóò fi bá ilẹ̀ mu."

"Kábíyèsí, n ò mọ̀wẹ̀ o!"

"Nínú ilé?" ni Ọba bi í. "Ta ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ilé?"