Ẹja Tó Sá Kúrò Nílé Baálẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n máa ń pa pé, "Tọ́jú odò, ẹja á tọ́jú ara rẹ̀"? Abúlé Ìdí-Ahùn ló ti wá.

Ẹja kan wà nínú odò wọn tí kò sí níbòmíràn, abìrùpupa ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Baálẹ̀ Láníyọnu wà lọ́mọdé, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mú un. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ń da ewé oró sómi, àwọn obìnrin ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú síbẹ̀ títí omi fi ń rùn. Nígbà tó yá, ẹnu àgbà nìkan làwọn ọmọ ti ń gbọ́ orúkọ ẹja náà.

Lọ́jọ́ kan, ìgèrè Ọ̀jẹ́lábí apẹja mú ẹyọ kan, abo, ẹyin kún inú rẹ̀. Baálẹ̀ ní wọn ò gbọdọ̀ pa á, kí wọ́n gbé e wá sílé òun, òun fúnra òun ni yóò máa ṣọ́ ọ. Àdùnọlá ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ohun tí kò jẹ́ kó dá a padà sódò.

"Odò wo?" ni Baálẹ̀ dáhùn. "Èyí tí ẹ̀yin obìnrin sọ di ìkòkò fùfú yẹn?"

Àdùnọlá rán an létí pé kì í ṣe obìnrin ló da oró sí i. Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ gbé ìkòkò ńlá wá.

Bí ẹja ṣe wọ ìkòkò ńlá nìyẹn. Gbogbo abúlé wá kí i bí ẹni ń kí ìyàwó tuntun. Ẹni tó mú àkàrà wá ju àkàrà sí i, ẹni tó mú iyán wá ju iyán. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, omi ti di ọbẹ̀, ẹja ń lanu lókè omi. Òjò ńlá ń rọ̀ lọ́wọ́. Baálẹ̀ gbé ìkòkò, ó ń sáré lọ síta kí omi òjò lè wọ inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ìkòkò fọ́, Baálẹ̀ fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, àgbàrá gbé ẹja, ó di odò.

Baálẹ̀ sáré tẹ̀lé ẹja, abúlé sáré tẹ̀lé Baálẹ̀. Kí wọ́n lè rí i, wọ́n kó gbogbo àpò ẹ̀gẹ́ jáde nínú omi, wọ́n yọ ìgèrè, wọ́n ká àwọ̀n. Wọn kò rí i. Baálẹ̀ jókòó sétí odò, ó ń sunkún, ó ní òun lòun pa èyí tó kù. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe da nǹkan kan sí omi náà mọ́ títí òun yóò fi rí ẹja òun. Àwọn obìnrin kùn títí, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ wọn nínú àgbá nílé.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, Àdùnọlá lọ pọnmi, ló bá pe ọkọ rẹ̀ kó wá wò. Ìrù pupa wẹ́wẹ́ kún etí omi. Ó hàn pé abo yẹn nìkan kọ́ ló kù. Baálẹ̀ wò wọ́n, wò wọ́n.

"Ta ló ń bọ́ wọn?" ló béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń bọ́ wọn, Baálẹ̀," ni Àdùnọlá wí. "Omi wọn la kàn fi sílẹ̀ fún wọn."

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé ìkòkò, tó ní òun ń lọ gba ẹja là, àwọn àgbà Ìdí-Ahùn á ní kó rọra sọ ọ́ kalẹ̀: tọ́jú odò, ẹja á tọ́jú ara rẹ̀.