Ẹ̀rọ Táyà Tó Wà Lábẹ́ Adìẹ

Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé, "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ pé òwe yìí ti wà kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa, kí olúwarẹ̀ lọ sọ tirẹ̀ níbòmíràn. Tèmi nìyí.

Ọkùnrin kan wà ní Ìlá tó ń jẹ́ Gbádébọ̀. Ó ní ọkọ̀ ògbólógbòó kan, ó sì ní ìyàwó kan, Mopélọ́lá. Nínú àwọn méjèèjì, ọkọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò láàárọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà. Kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Ó ní bátìrì nínú, ó ní ọ̀pá rọ́bà lẹ́nu, ó sì máa ń fi iná pupa kọ iye afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà sí ojú rẹ̀. Ẹ yan iye tí ẹ fẹ́. Bó bá pé, á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Bí kò bá pé, kò ní dákẹ́.

Gbádébọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà mọ́. Láàárọ̀, á wọn táyà. Lọ́sàn-án, á wọ̀n ọ́n. Nírọ̀lẹ́, á tún wọ̀n ọ́n. Bó bá sì ti ń yọ rọ́bà náà, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á sá jáde, "fìì!" Á wọ̀n ọ́n padà, á rí i pé ó ti dín, á tún fẹ́ ẹ. Wíwọ̀n tó ń wọ̀n ọ́n ló ń jẹ́ kó dín. Kò yé e. Ó ní táyà òde òní kò ṣe é fọkàn tán.

Mopélọ́lá wò ó títí.

"Olówó orí mi, mélòó ni táyà ọ̀tún lẹ́yìn?"

"Ọ̀kanlélọ́gbọ̀n," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, inú rẹ̀ dùn. "Ó ku ẹyọ kan."

"Orúnkún mi wo ló ń dùn mí?"

Gbádébọ̀ wo òsì, ó wo ọ̀tún. "Ṣé orúnkún ń dùn ọ́ ni?"

Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Òkukù.

Gbádébọ̀ rò pé ọjọ́ méjì ni. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá te ẹ̀bà, á gbé àwo méjì kalẹ̀, á tún gbé ọ̀kan padà. Ó ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀. Àna rẹ̀, Bàbá Olúgbọ̀njọ, ní kó máa gbé adìẹ kan bọ̀. "Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ẹ̀rọ yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ mi kò padà mọ́."

Gbádébọ̀ ní òun ti fi í tọrẹ. Irọ́ ni. Ta ló máa wa ọkọ̀ dé Òkukù láìmọ iye afẹ́fẹ́ táyà? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró wọ̀n ọ́n lọ́nà. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó rí Bàbá tí wọ́n ń tẹ̀pá bọ̀.

"Ṣí búùtù, jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Kíá, Gbádébọ̀ ti ẹ̀rọ náà bọ abẹ́ adìẹ nínú agbọ̀n. Bàbá yẹ búùtù wò, wọ́n yẹ abẹ́ ìjókòó wò. Wọn ò rí nǹkan kan.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mopélọ́lá jókòó ti ìyá rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Gbádébọ̀ gbé agbọ̀n síwájú wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dárí jì mí. N ò ní ẹ̀rọ kankan mọ́. Adìẹ yìí nìkan ni mo gbé wá."

Adìẹ yí ẹsẹ̀ padà. Ó tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀.

"Gbrrrrrr!"

Ó fẹ́ fò, okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fà á padà. Ẹnu rọ́bà dojú kọ abẹ́ ìrù rẹ̀. Gbogbo ìyẹ́ ìdí rẹ̀ ṣí bí agbòjò.

"Kí ló ń ké?" ni Bàbá bi í.

"Ohùn rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, sà," ni Gbádébọ̀ wí láti ilẹ̀.

Ìyá ìyàwó bẹ̀rẹ̀ wo inú agbọ̀n. "Adìẹ yìí ń tan iná pupa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́."

"Kò ní dákẹ́, Mà, àfi bó bá pé méjìlélọ́gbọ̀n."

"Lára adìẹ?" Bàbá tẹjú mọ́ ọn. "Mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí?"

Gbádébọ̀ na ọrùn wò ó. "Òdo ṣì ni, sà."

Bàbá dìde. "Gbádébọ̀, o ní o ò ní ẹ̀rọ. Ó dára. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, gbogbo wa ti rí fùrọ̀ adìẹ. Máa lọ sílé."

Gbádébọ̀ dìde, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí ẹnì kan tó bú sẹ́rìn-ín. Mopélọ́lá ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó di ògiri mú.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n bá a lọ," ó ní. "Ẹni tí kò mọ irọ́ pa tó báyìí, ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún?"

Ó bá a lọ. Ẹ̀rọ kù sí Òkukù, adìẹ náà kù síbẹ̀. Ojú ń tì wọ́n láti pa á jẹ, lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n ti rí.

Nítorí náà, bí àṣírí ẹnì kan bá tú, tí àgbà kan wúkọ́, tó sì la ẹnu, ẹ má rò pé ẹ̀fúùfù òjò ló ń wí. Afẹ́fẹ́ táyà ni. Ó ti fẹ́, a sì ti rí fùrọ̀ adìẹ.