Ìṣínu Ẹni Tí Kò Gbààwẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Bí mo bá gbóòórùn àkàrà gbígbóná nírọ̀lẹ́, ikùn mi ló máa ń kọ́kọ́ rántí, ojú á wá tì mí lẹ́yìn náà. Maiduguri ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì, nínú oṣù ààwẹ̀, lórí pápá bọ́ọ̀lù inú bárékè kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, géèmù àti fíìmù kúrò nínú ohun tó ń jáde lẹ́nu mi lójúmọ́, ohun tó máa ṣẹ́kù kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ. Ṣùgbọ́n lórí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, mo ní èrò, mo sì máa ń wọn èrò mi dáadáa kí n tó gbé e síta. Èrò mi ni pé ẹni tó bá ń mú ẹgbẹ́ tó lágbára jù nínú géèmù bọ́ọ̀lù, tó wá ń yangàn pé òun borí, kò tíì borí ẹnikẹ́ni. Èrò mi ni pé fíìmù tí akínkanjú inú rẹ̀ bá ju ìbọn sílẹ̀ kó lè fi ẹ̀ṣẹ́ jà, ẹni tó kọ ọ́ ló yẹ kí wọ́n lù. Èrò mi ni pé sùúyà tí wọ́n fi bébà ìròyìn wé dùn ju èyí tí wọ́n kó sínú ọ̀rá lọ, mo sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wàsíù, ọmọ Ìsẹ́yìn tí a jọ ń gbé yàrá, máa ń sọ pé bí oorun bá kọ̀ láti kun òun, òun á kàn bi mí léèrè ìdí tí ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ràn fi pàdánù.

Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá máa ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọ bárékè, ìyẹn àwọn ọmọ sójà àti ọlọ́pàá ilẹ̀ wa tí wọ́n bí sí Maiduguri, tí Hausa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Lọ́dún yẹn, Ṣẹ́gun ni balógun wa, òun náà sì ni aṣọ́lé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ṣàlàyé fún un bó ṣe yẹ kó dúró nígbà tí wọ́n gbá góòlù kan wọlé fún un níbi ìdánrawò. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi lé mi lórí orókún.

"Ọ̀rẹ́, ẹnu ẹ ti di kóòṣì tipẹ́. Ó ku kí ara ẹ náà di kóòṣì. Ìwọ ni kó o kó wa lọ sí bárékè."

Mo ní, "Ó yé mi. Mo gbà."

Ó ní, "Dúró ná. Bá a bá borí, ohun tó o bá sọ nípa bọ́ọ̀lù dòfin nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì yìí. Bá a bá fìdí rẹmi, o ò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́ títí a ó fi ṣe ìdánwò tán."

Àwọn tó wà nínú yàrá hó yèè. Ẹ rò ó wò: àsìkò tí àwọn ìdíje ńlá ń lọ sópin la wà. Kí wọ́n dí mi lẹ́nu nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ dà bí kí wọ́n ti ládàánì mọ́ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n mo ti wo ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, mo ti wò ó sósì, mo sì rí i pé a ò lè pàdánù. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ìṣirò mi rèé. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ bárékè, wọ́n á sì ti gbààwẹ̀. Oòrùn Maiduguri kì í ṣe oòrùn ẹ̀rín. Àní ewúrẹ́ ibẹ̀ máa ń wá òjìji kó tó ronú. Ẹni tí kò mu omi láti ìgbà sààrì, tó wá ń sáré nínú irú ooru yẹn, kò lè pẹ́ kó tó rẹ̀. A ó kọlù wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó gbá góòlù kí oòrùn tó wọ̀, eré ti parí nìyẹn. Nítorí pé mi ò fẹ́ ṣe ojúsàájú, mo lo òfin kan náà fún ẹgbẹ́ tiwa: gbogbo ẹni tó bá gbààwẹ̀ á jókòó sórí bẹ́ńṣì. Wàsíù wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ òun ni atamátàsé wa.

Ó wá bá mi lójú ọ̀nà bí a ṣe ń wọ kéké.

"Kóòṣì, mo gbọ́ pé bẹ́ńṣì ni tèmi."

"Wàsíù, kì í ṣe ìjà. O ò tíì mu omi láti òwúrọ̀. Ara ò lè gbé e."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Sáyẹ́ǹsì."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa. Kí sáyẹ́ǹsì wọ jẹ́sì mi."

Bárékè náà wà lápá Bulumkutu. Nígbà tí a dé, àwọn òǹwòran ti pé yí pápá ká, àwọn ọmọdé ti gun orí táyà ọkọ̀ àtijọ́, àwọn ìyá sì ti tẹ́ ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, iná epo ti ń jó lábẹ́ ìkòkò. Mo rí ìkòkò yẹn, ṣùgbọ́n mi ò kà á mọ́ ìṣirò. Rẹfirí, kọ́pùrà kan tí ikùn rẹ̀ ṣíwájú fèrè rẹ̀, fọn fèrè, eré bẹ̀rẹ̀.

Ká má purọ́, ẹ̀jẹ̀ mi ń hó. Mo ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà bí ẹni tí wọ́n dì ní okùn mọ́ bọ́ọ̀lù. A kọlù wọ́n lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù kan ba igi góòlù, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú ìkòkò. Mo ń dúró kó rẹ àwọn ọmọ bárékè. Mo dúró, mo dúró. Kò rẹ̀ wọ́n. Ohun tí sáyẹ́ǹsì mi kò béèrè ni pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù látìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò fo ọjọ́ kan. Àwa tí a jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án la ń mí hẹlẹhẹlẹ. Músílíù, balógun wọn, sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Kóòṣì, ya dai, báwo ni? Ó ti ń rẹ̀ yín?"

Mo dá a lóhùn pé ètò ni. Mi ò mọ ètò tí mo ń wí.

Kò sẹ́ni tó tíì gbá góòlù nígbà tí ládàánì pe ìrun Mọ̀gáríbì. Rẹfirí kò wo aago rárá. Ó fọn fèrè ìsinmi lójú ẹsẹ̀. Àwọn ìyá gbé àwo dé. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Màmá Ràbí, ìyàwó sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan, ọmọ Ìkìrun tó ti pẹ́ ní Maiduguri débi pé Hausa ló fi ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ wí. Àkàrà ń hó lórí àwo kan, máásà funfun, ìyẹn àkàrà ìrẹsì wọn, wà lórí òmíràn pẹ̀lú oyin, dàbínù wà níbẹ̀, ohun mímu tí wọ́n ń pè ní kúnú ẹ̀pà sì kún bọ́kẹ́ẹ̀tì fọ́nfọ́n.

"Bismillah, ẹ̀yin ọmọ mi. Ku zo, ẹ súnmọ́bí."

Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ò gbààwẹ̀."

"Ta ló bi yín? Oúnjẹ ni mo gbé wá, mi ò gbé ìbéèrè wá."

Bí wọ́n bá ti fi Bismillah pe ènìyàn sídìí àwo ní Maiduguri, ẹni tó bá kọjá lọ láìtọ́wò kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọlúàbí á mú ẹyọ kan, á dúpẹ́, á sì dìde. Ṣùgbọ́n mo tún ronú sí i, ibẹ̀ ni mo ti ba nǹkan jẹ́. Mo pe àwọn agbábọ́ọ̀lù mi jọ, mo ní, "Ẹ gbọ́. Ebi ti pa àwọn yẹn láti òwúrọ̀, wọ́n á jẹ àjẹkì báyìí. Bí agbára wọn bá ti padà, àwa ńkọ́? Ẹ jẹun dáadáa. Ohun tí wọ́n bá jẹ ni kí ẹ̀yin náà jẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí mọ ohun tí irú àṣẹ yẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀yìn oṣù ni, owó ti tán lọ́wọ́ wa. Kò sí kóòṣì tí wọ́n tíì gbọ́ràn sí lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí. Ṣẹ́gun bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì kúnú bí ẹni tó ń ṣọ́lé. Èmi náà jókòó, mo jẹ àkàrà, mo fi máásà tẹ̀ ẹ́, mo fi kúnú lé e. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn ọmọ bárékè ò sí lórí ẹní mọ́. Mo rò pé wọ́n ti lọ jẹ èyí tó kù nílé ni. Wàsíù dúró lẹ́yìn mi, omi ń kán lápá rẹ̀ láti ibi àlùwàlá.

"Kóòṣì, ṣé eré ti parí ni?"

"Jókòó, kó o jẹun. Àwọn yẹn ti lọ jẹun nílé."

"Wọ́n wà lórí ìrun. Dàbínù àti omi lásán ni wọ́n fẹnu kàn. Èmi náà bẹ́ẹ̀. Àjẹyó di ẹ̀yìn eré."

Àkàrà tó wà lẹ́nu mi dúró. Mo wo àwọn ènìyàn mi. Ọ̀kan ti dùbúlẹ̀, ó ń wo sánmà. Òmíràn ti tú okùn ṣòkòtò rẹ̀.

Wọ́n tan iná òpó, eré tún bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó wá sọ́dọ̀ Ṣẹ́gun kò yára rárá. Mo rí i tó ronú láti fò. Mo rí i tó tún un rò. Ó gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó ń kí àlejò, bọ́ọ̀lù sì wọlé. Kò pẹ́, ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn fún wa sáré jáde lọ sídìí ọgbà, ó dá kúnú Màmá Ràbí padà fún ilẹ̀. Àwọn ọmọ bárékè gbá ìkejì wọlé láti ibi tó fi sílẹ̀. Mo yíjú sí bẹ́ńṣì, sí àwọn tí mo ti fi òfin sáyẹ́ǹsì so mọ́lẹ̀.

"Wàsíù, jọ̀ọ́."

Ó wọlé, ó gba bọ́ọ̀lù, ó gbá góòlù kan bí ẹni tó ń ju òkò sínú odò. Àwọn yòókù lórí bẹ́ńṣì wọlé tẹ̀lé e, a sì bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù gidi. Ara mi tún gbóná. Bí a bá rí góòlù kan sí i, ọ̀mì nìyẹn, ọ̀mì kì í sì í ṣe pípàdánù. Mo ti wọn ìyẹn náà wò. Àfi bí ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ máásà ṣe wó lulẹ̀ pé iṣan fa òun. Kò sí ẹni tó lè sáré lórí bẹ́ńṣì mọ́. Wàsíù nawọ́ sí mi.

"Kóòṣì, wọlé."

"Èmi kẹ̀? Nínú sálúbàtà?"

"Dúró níwájú ilé wọn, má ṣe nǹkan kan. Kí wọ́n ṣáà rí ènìyàn."

Mo dúró. Mi ò ṣe nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi. Rẹfirí ti ń wo aago nígbà tí Wàsíù gba bọ́ọ̀lù lápá òsì, ó yọ lọ́wọ́ Músílíù, ó tan aṣọ́lé wọn jókòó sílẹ̀. Ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó gbá a. Láàárín bọ́ọ̀lù náà àti àwọ̀n, èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ ibi tó yẹ kí n yẹ̀ sí. Mo tilẹ̀ mọ ẹsẹ̀ tó yẹ kó ṣáájú. Orí mi ti parí ìṣirò, ó fi ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ní kó lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ikùn. Bọ́ọ̀lù náà sọ mí láàárín ikùn gbì, ó ta sókè, ó fo igi góòlù kọjá. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì gùfẹ̀.

Fèrè ìparí dún. Gbogbo bárékè ló gbọ́ ìgùfẹ̀ yẹn ṣáájú fèrè.

Màmá Ràbí ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. "Sannu, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ṣé bọ́ọ̀lù ló ń dùn ọ́ ni àbí kúnú?"

Wàsíù na ọwọ́ fà mí dìde. Ó wo ikùn mi, ó ní, "Aṣọ́lé tí sáyẹ́ǹsì bá yàn kì í jẹ́ kí góòlù wọlé."

Bí a ṣe ń lọ wọ kéké, Màmá sáré tẹ̀lé mi, ó ki ọ̀rá àkàrà kan bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé mi ò jẹun dáadáa. Mo gbé e lé orí itan títí a fi dé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Òórùn rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

A ti fìdí rẹmi, mo sì pa àdéhùn mọ́. Ní ọjọ́ àṣekágbá ńlá, ní ilé tí a ti ń san owó wo bọ́ọ̀lù, mo rí àṣìṣe kan tó burú débi pé mo fi eyín di etí fìlà mi mú. Ṣẹ́gun yíjú sí mi, ó ní, "Kí lèrò ẹ, kóòṣì?" Mo fọwọ́ pa ikùn mi. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò mọ ìtàn náà gan-an rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu mi wà ní pípadé, mo gbọ́ Wàsíù tó ń ṣàlàyé eré náà fún ẹni tó jókòó tì í, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìwọn nǹkan kan, ó sì tọ̀nà ju tèmi lọ. Ọdún mélòó la ti jọ ń gbé, mi ò bi í ní èrò rẹ̀ rí. Mi ò tilẹ̀ bi í bó ṣe ń rí lára rẹ̀ láti fi ẹnu gbẹ gbá bọ́ọ̀lù. Mo kàn ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn: kí n tó wọn ènìyàn, kí n kọ́kọ́ bi í. Mo ṣì ní èrò lórí sùúyà, mi ò sì ní yí i padà. Ṣùgbọ́n ọdọọdún, bí ààwẹ̀ bá ti wọlé, Wàsíù máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi, dàbínù mẹ́ta nínú àwo pẹ̀lú ife omi, ó sì máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Kóòṣì, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ṣetán." Mo máa ń dá nìkan rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn mí, ní ibi tí bọ́ọ̀lù yẹn ti bà mí gan-an.