Kìnnìún Aṣálẹ̀ ti Gawler

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Lyall Trembath jẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ ò ní wá a tì. Iwájú ilé ìtajà tó tóbi jù ní ìlú Gawler, ní Australia, ló máa ń gbé e sí, á sì gba àyè ọkọ̀ méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí i. Irin ńlá kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n fi ń ta kangarúù nù lójú ọ̀nà. Iná tò lọ bẹẹrẹ lórí rẹ̀. Páìpù kan nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, òun ni ọkọ̀ máa fi mí bí ó bá wọ odò. Odò kan ṣoṣo tí ọkọ̀ náà sì ti wọ̀ rí ni ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀.

Lyall ni olórí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ aginjù ti Gawler. Kìnnìún Aṣálẹ̀! Baba Iyanrìn! Ọkùnrin-ò-nílò-títì! Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó fún un lóyè wọ̀nyí, òun náà ló fi ara rẹ̀ jẹ wọ́n. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, kọ́tìnì ló ń tà. Noelene, ìyàwó rẹ̀, gan-an gbọ́dọ̀ pè é ní Olórí bí wọ́n bá wà lórí rédíò.

Ìtàn kan ló gbé Lyall dé ipò. Òkìtì iyanrìn kan wà lẹ́yìn ìlú Birdsville, ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ìjọba tó wà nínú aṣálẹ̀ Simpson. Pupa Ńlá ni wọ́n ń pè é, òun ló ga jù nínú àwọn òkìtì ibẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè gùn ún, kí ó rọra yí orí ọkọ̀ padà sílé. Lyall ní òun ti gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, òun nìkan pẹ̀lú Noelene. Bí ó bá ti dé, ọkọ̀ á pupa láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì ní fọ̀ ọ́ títí gbogbo àdúgbò á fi rí i.

Noelene ló mọ̀ pé ilé ìtura kan ní Port Augusta, lórí títì ọlọ́dà, ni àwọn ti sùn lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Òun ló sì máa ń fi kànìnkànìn pa erùpẹ̀ ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ bíríkì mọ́ ọkọ̀ náà lára. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń wù ú kí ó fojú ara rẹ̀ rí aṣálẹ̀ yẹn. Ó ti wá di ọ̀gá nínú erùpẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó débẹ̀.

Lọ́dún yìí ni Lyall wá kó ẹgbẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ ń lọ pàgọ́ nínú ọgbà aṣálẹ̀. Bí àwọn bá sì ti gun Pupa Ńlá tán, lórí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti dìbò pé kí òun di Olórí Títí Láé, kí ọ̀rọ̀ ìdìbò ọdọọdún yìí lè tán nílẹ̀. Merle Kuchel, akọ̀wé ẹgbẹ́, tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin rí, béèrè pé kí ló dé tí wọn ò lè dìbò náà níbí, níbi tí tíì wà. Lyall rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní wọn kì í dé kìnnìún ládé nínú pálọ̀.

Ọkàn Noelene bàjẹ́ nígbà tó gbọ́ Títí Láé yẹn. Ó mọ̀ pé bí ìbò náà bá fi lè wọlé, kànìnkànìn ò ní kúrò lọ́wọ́ òun mọ́ láyé.

Ètò ìrìn àjò wá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí aṣálẹ̀ ló ń gbé omi ara rẹ̀, epo ara rẹ̀ àti igi ìdáná ara rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́gi nínú ọgbà ìjọba. Gbogbo wọn ló mọ èyí. Ṣùgbọ́n Lyall fi ọ̀pá gún àwòrán ilẹ̀ tó fi kọ́ sára ògiri, ó ní ọkọ̀ tó ṣíwájú kì í ru ẹrù, nítorí òun ló ń lànà. Ó wá pín ẹrù tirẹ̀ fún wọn. Omi rẹ̀ di ti Kosta Mavridis, ọkùnrin tó ní ilé búrẹ́dì. Igi rẹ̀ di ti àwọn tọkọtaya kan tí wọn ò tíì pẹ́ nínú ẹgbẹ́. Àgọ́ rẹ̀ àti àwọn àga rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ Merle, èyí tó kéré tó sì ti gbó, tí Lyall máa ń pè ní agolo.

Kò tán síbẹ̀ o. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé fíríìjì, ó wúwo jù, ẹ̀wà inú agolo ni kí wọ́n rà. Ó ní kò sí ìwẹ̀ nínú aṣálẹ̀, kí kálukú fi aṣọ tútù nu ara. Kosta rọra na ọwọ́ sókè.

"Olórí, bí omi yín bá wà lọ́dọ̀ mi, tí igi yín wà lọ́dọ̀ wọn, kí ló wá máa wà nínú ọkọ̀ tiyín?"

"Ojúṣe, Kosta. Òun ló wúwo jù."

Kosta mi orí, ó sì jókòó. Ṣé ẹ fẹ́ mọ bí ojúṣe ṣe rí? Ojúṣe tutù, ó sì ní ọ̀rá lára. Edé ńláńlá ni, ẹran màlúù tí wọ́n gé nípọn ni, wáìnì ni, inú fíríìjì méjì ló sì wà. Ojúṣe tún ní ẹ̀rọ tí ń po kọfí, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwẹ̀ tí wọ́n ń gbé kiri, tó ní kọ́tìnì olódòdó yípo. Noelene fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ sọ́kọ̀.

Wọ́n rìn, wọ́n rìn, wọ́n kọjá Marree, wọ́n dé Birdsville, wọ́n sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ wọn tò sẹ́sẹ̀ Pupa Ńlá. Kálukú ti na àsíá rẹ̀ sókè sórí ọ̀pá gígùn níwájú ọkọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì òkìtì lè tètè rí i. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú táyà, nítorí táyà tó bá rọ̀ ló ń tẹ́ sórí iyanrìn bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí. Èyí tó bá le, gbígbẹ́ ni yóò máa gbẹ́lẹ̀.

Lyall nìkan ni kò kúnlẹ̀. Ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ní kí Noelene ya òun àti ọkọ̀ ní fọ́tò. Ó ní táyà tó rọ̀ kì í dáa nínú fọ́tò, pé àwọn tí àyà wọn ń já ló ń yọ afẹ́fẹ́ táyà. Ní tòótọ́, táyà Lyall le, àyà rẹ̀ ni mi ò lè búra fún. Afẹ́fẹ́ kún táyà, afẹ́ kún inú ẹni tó ni ín, a ò wá mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ bẹ́.

Ní aṣálẹ̀ yẹn, ojú ìlà rédíò kan ṣoṣo ni gbogbo ọkọ̀ ń lò, àti ojúlùmọ̀ àti àlejò, kí wọ́n má baà kọ lu ara wọn lórí òkìtì. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì tẹ bọ́tìnì máìkì rẹ, kò sí ohùn ẹlòmíràn tó lè wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti wà lókè Pupa Ńlá, wọ́n jókòó sórí àga, ife tíì lọ́wọ́, rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń wòran àwọn tó ń gùn àti àwọn tó ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

Lyall gbé máìkì sẹ́nu, ó kéde pé Olórí Ẹgbẹ́ Gawler ń gòkè bọ̀, kí gbogbo ọkọ̀ yàgò. Ó ju máìkì sórí àga, ó gun ọkọ̀, ó sì jókòó lé e. Itan Lyall kì í ṣe itan kékeré. Bọ́tìnì wọlé, kò sì jáde.

Noelene, tó ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló rí i. Iná pupa kékeré kan ń tàn lára rédíò, iná tó máa ń sọ pé ayé ń gbọ́ ọ. Ó la ẹnu láti sọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì rántí Títí Láé. Ó pa ẹnu náà dé.

Lyall tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ ké, ó sáré dé ìdajì òkìtì, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, ọkọ̀ sì rọra fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wálẹ̀.

"Wọ́n ti ba ọ̀nà yìí jẹ́," ni Lyall wí. "Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀."

"Tẹ́lẹ̀ ìgbà wo?" Noelene béèrè.

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Mo kàn ń bi ọ́ ni. Ṣé o ti gun òkìtì yìí rí?"

"Noelene, ṣé kì í ṣe ìwọ náà la jọ ń sùn ní Port Augusta? Ta ló ń fi erùpẹ̀ bíríkì pa ọkọ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹn-hẹ̀n. Jẹ́ kí n wakọ̀."

Ó tún gbéra lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún yọ̀ wálẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òkìtì, Merle ti tẹ bọ́tìnì tirẹ̀ títí ìka fi ń dùn ún, ohùn rẹ̀ ò wọlé. Kosta káwọ́ lérí.

Noelene fohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé omi tí Kosta rù ò ha ti pọ̀ jù fún ènìyàn méjì.

"Ìwẹ̀ ńkọ́? Ṣé bí àwọn yẹn ni n ó ṣe máa fi aṣọ nura bí àwo? Kosta lágbára, ọpọlọ ni ò sí. Mo ní ojúṣe ló wà nínú ọkọ̀ mi, ó ń mi orí bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Merle wá ńkọ́?"

"Merle ti darúgbó, agolo rẹ̀ náà ti darúgbó. Bí a bá ti dìbò tán, n ó yọ ọ́ kúrò lẹ́gbẹ́. Àmọ́ kó kọ́kọ́ bá mi gbé àgọ́ dé ọ̀hún ná." Ó na ìka sí rédíò. "Gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe dákẹ́. Ọ̀wọ̀ nìyẹn."

Àwọn ará òkè ti dìde lórí àga. Ẹnì kan ti yí ohùn rédíò sókè dé òpin, àwọn kan ń fọwọ́ di ikùn. Lyall rí wọn, ó rò pé wọ́n ń kí òun, ó sì juwọ́ sí wọn. Ó yíjú sí Noelene, ó ní kó wò ó, òun ti di àwòṣífìlà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló burú jù. Ọkọ̀ fò, ó wọ́lẹ̀, ó yọ̀ láti òkè wá títí dé ìsàlẹ̀, ó sì rì dé ìdajì táyà. Lyall gbé ìdí sókè kí ó lè nu òógùn, máìkì sì já bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín tú jáde nínú rédíò bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọjà, ẹ̀rín àwọn tí kò rí rí láyé rẹ̀. Ó pẹ́ kí ohùn Merle tó rí àyè wọlé.

"Lyall, Merle ni. O jókòó lé máìkì rẹ. Gbogbo rẹ̀ la gbọ́. Àwọn ará òkè gbọ́, àwọn tó wà nínú aṣálẹ̀ náà gbọ́."

Lyall wo rédíò. Ó wo máìkì. Ó mú un nílẹ̀, ó ní ẹ̀fẹ̀ ni òun ń bá ìyàwó òun ṣe, ó sì tún jù ú sílẹ̀.

Merle ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ní ìbò láti dì lónìí, níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé gbogbo wọn wà lórí rédíò, kí wọ́n kúkú dì í níbẹ̀. Ó béèrè ẹni tó fẹ́ kí Lyall Trembath di Olórí Títí Láé. Rédíò pa lọ́lọ́. Kò sì sẹ́ni tó jókòó lé máìkì lọ́tẹ̀ yìí.

Ó béèrè ẹni tí kò fẹ́. Kosta ní òun ò fẹ́, pé òun ti ronú sí i, pẹ̀lú ọpọlọ tí òun ò ní. Àwọn tó ru igi ní àwọn ò fẹ́. Àjèjì kan láti òkè ní òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ o, àmọ́ òun náà ò fẹ́. Lẹ́yìn náà ni Noelene bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú máìkì nílẹ̀.

"Noelene Trembath," ó ní. "Rárá."

Ó gbé máìkì lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú báàgì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ wọ ọkọ̀ Merle. Agolo fi táyà rírọ̀ gun Pupa Ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, omi, igi, àgọ́ àti gbogbo rẹ̀. Lókè, Noelene rí i nígbẹ̀yìn. Òkìtì pupa lẹ́yìn òkìtì pupa, wọ́n tò lọ títí ojú ò fi tó o mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún, kò sì bo ojú rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀, Lyall jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú edé, wáìnì àti kọ́tìnì olódòdó, kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Oòrùn ń gun orí. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ̀ tún rì. Àwọn ará òkè ń wò ó, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, èyí sì burú ju ẹ̀rín lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí rédíò tó dún. Ohùn náà kéré, kò sì pe ara rẹ̀ ní Olórí.

"Lyall ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ afẹ́fẹ́ táyà?"

Merle wo Noelene, Noelene ò fọwọ́ kan máìkì. Ohùn àgbàlagbà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló dáhùn láti ọ̀nà jíjìn, láti ẹ̀yìn òkìtì tí wọn ò lè rí.

"Ọmọ mi, kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀."