Òfin Tó Ní Kí Gbogbo Ìlú Dúró De Ìfun Baálẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdí-Ìṣin, tọmọdé tàgbà, tonílé tàlejò, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó jókòó, kó dìde. Ẹni tó ti dìde tó ń wo ọ̀nà igbó, kó padà. Ìyá Fọláwiyọ́, akéde rí yín lẹ́yìn ògiri yẹn. Ẹ padà.

Òfin kan fẹ́ kú lónìí. Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe é nílùú yìí. Òfin tí ààfin bá ṣe kì í kú títí akéde yóò fi kà á láti orí dé ìdí ní gbangba, tí yóò sọ ohun tó bí i àti ohun tó pa á. Bí akéde ò bá tíì kà á tán, òfin ò tíì kú, ẹni tó bá sì rú u, ó rà á. Nítorí náà, ẹ fún ikùn yín mọ́ra. Akéde yín, Ayélàágbé, kò lè fo ìlà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn tirẹ̀ náà ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti àná.

Ohun tó bí òfin náà nìyí.

Ẹ mọ Àwẹ̀ró, ìyàwó Baálẹ̀ Adégbìjà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń dáná fún ọkọ rẹ̀. Láàárọ̀, ògì àti mọ́ínmọ́ín. Lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n fi irú gidi àti epo pupa sè. Bí oòrùn bá mú, omidùn ògì tó ti kan dáadáa nínú agbè. Bó bá jẹun tán, ègé ìbẹ́pẹ kan. Nínú gbogbo ọdún yẹn, ta ló gbọ́ ọ rí pé Baálẹ̀ jí láàárọ̀ tí kò yàgbẹ́? Ẹ dáhùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí èèyàn kì í kíyè sí ohun tó bá ń lọ déédéé.

Ìgbà náà ni Ṣówándé dé. Ẹ rántí i. Ó wọ ẹ̀wù kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán. Ó gbé àpótí kan lọ́wọ́, ìgò kéékèèké kún inú rẹ̀, ó ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ bó ti ń rìn. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n nípa oúnjẹ lòun. A ò bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ta ni í bi oníkóòtù léèrè ọ̀rọ̀? Àwa náà ò gbọ́n níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Ó dúró níwájú Baálẹ̀, ó ń pe fítámì A, fítámì B, fítámì C, fítámì D, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. Ó ní inú ìgò òun nìkan ni wọ́n ń gbé. Ó ní irú ń rùn, nítorí náà ó ti rà. Ó ní ògì kan, nítorí náà ó ti bàjẹ́. Ó ní ọ̀rá ni epo, ọ̀rá sì ni ọ̀tá. Ó ní búrẹ́dì funfun tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ dànù ni kí Baálẹ̀ máa jẹ, àti ìrẹsì funfun láìlọ́bẹ̀, kó sì fi hóró oògùn mọ́kànlá lé e. Ó ní nǹkan kan tún wà nínú ìgò kẹfà tí kì í jẹ́ kí ara tètè gbó, bí ìgbà tí èèyàn bá kun irin kó má bàa dógùn-ún.

Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, ó gbé àwo lọ́wọ́. Ó fi sùúrù béèrè bóyá nǹkan tó ń dènà ìdógùn-ún ara yẹn kò sí nínú tẹ̀tẹ̀, nínú tòmátì, nínú àgbálùmọ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì ti sọ fún àwọn nígbà oyún pé fítámì A àti D kì í dá wọ ara, ọ̀rá ló ń mú wọn wọlé. Ta ni yóò wá mú wọn wọlé bí wọ́n bá lé epo dànù? Ó ní ohun tó kan nínú ògì, ọ̀rẹ́ ikùn ni, òun ló ń bá ìfun ṣiṣẹ́. Ṣówándé rẹ́rìn-ín músẹ́. Baálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí Ṣówándé rẹ́rìn-ín.

Baálẹ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kó sọ. Ó ní ìlara ìgò ló ń ṣe é. Ó gbé ìkòkò dúdú tí Àwẹ̀ró fi ń sebẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà tó ń relé ọkọ, ó gbé e sẹ́yìn ọgbà ewúrẹ́. Ó ní kí ó lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ! Wọ́n ń lé èèyàn nídìí ààrò rẹ̀, wọ́n ń pè é ní ìsinmi.

Àwẹ̀ró lọ. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà. Bí wọ́n bá bi í, ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun. Irọ́ ni. Ó dùn ún wọra. Kì í ṣe ààfin ló ń rò. Ọbẹ̀ tó sè kẹ́yìn ló ń rò, èyí tí ọkùnrin náà kò tọ́ wò tó fi ní kí wọ́n dà á nù.

Ó wá kù sí Baálẹ̀ àti ìgò. Ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan yíwọ́. Ọjọ́ kìíní, kò lọ. Ọjọ́ kejì, kò lọ. Ọjọ́ kẹta, Ṣówándé sọ hóró mọ́kànlá di mọ́kàndínlógún. Ọjọ́ karùn-ún, Baálẹ̀ ò lè dá sálúbàtà rẹ̀ wọ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ìyẹn àná, ó jókòó sójú fèrèsé tòun ti ìrora, ló bá rí Jagun, ìjòyè rẹ̀, tó ń ti inú igbó bọ̀. Jagun ń súfèé. Ojú rẹ̀ tutù, ara rẹ̀ fúyẹ́. Inú bí Baálẹ̀ débi pé ó ní kí wọ́n pe akéde wá kíá.

Ẹ gbọ́ o! Òfin náà nìyí. Akéde kò yọ kúrò, kò fi kún un.

Èkíní: Níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni ní Ìdí-Ìṣin kì í ti í jẹ iṣu tuntun ṣáájú Baálẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ṣáájú Baálẹ̀. Àfojúdi ni! Ẹni tó bá dán an wò yóò jókòó ti Baálẹ̀ nílé ìyàgbẹ́ ààfin láti àárọ̀ dé ọ̀sán, yóò máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i.

Èkejì: Ọmọ ọwọ́ kò mọ òfin. Kí ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbẹ̀bẹ̀, kí bàbá rẹ̀ wá wí tẹnu rẹ̀ láàfin.

Ẹ̀kẹta: Ewúrẹ́ tó bá rọ imí rẹ̀ wóróworo sójú ọ̀nà ààfin, ewúrẹ́ náà ti di ti ààfin. Ẹ ò rí i pé ìfun dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹran jíjẹ kò dí.

Ẹ̀kẹrin: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mí kanlẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá tutù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, tó ń súfèé, kí ẹ̀ṣọ́ mú un. Kí wọ́n tú ẹrù rẹ̀ wò. Kí wọ́n mọ ohun tó jẹ!

Ẹ̀karùn-ún: Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nígbà tí akéde ń ka òfin yìí, ìgò fítámì méje ni yóò gbé mì láìfomi sí i. Ẹ rántí pé òfin ò tíì kú. Akéde ń wò yín lẹ́nu.

Òfin náà nìyẹn. Kí lẹ wá ṣe? Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní kí Baálẹ̀ pẹ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dọ̀sán, gbogbo yín rántí pé ẹ lóko ní òdìkejì odò, níbi tí òfin wa ò dé. Ẹni tí kò gbé ọkọ́ láti ọdún mẹ́ta, ó gbé ọkọ́ lánàá. Bàbá Alágbàáà, tí ẹ ní ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ rìn, ẹ̀yin lẹ ṣíwájú. Àwọn ará Òkè-Àbàtà tó nilẹ̀ lọ́hùn-ún ránṣẹ́ sí wa pé irú ọdún wo là ń ṣe. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ ajílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun tó pa òfin náà nìyí.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, àwọn ẹ̀ṣọ́ rí ọkùnrin kan lójú ọ̀nà odò. Ojú rẹ̀ tutù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń súfèé. Òfin kẹrin mú un! Ṣówándé ni. Ó pariwo pé òun lòun kọ òfin kẹrin fún Baálẹ̀. Wọ́n ní òun náà kúkú ni òfin mú. Wọ́n tú àpótí rẹ̀ níwájú ààfin. Lókè, ìgò. Nísàlẹ̀ ìgò, ìbẹ́pẹ méjì, ewúro tí wọ́n ti fọ̀, èkuru, irú nínú ewé, àti ìgò epo pupa kan tó ti dé àbọ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń kólòlò. Ó ní lóòótọ́, hóró inú ìgò, ẹni tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá yẹ̀ wò tó sì rí i pé ó ṣaláìní, irú rẹ̀ ló wà fún. Ó ní lóòótọ́, ikùn tí kò rí ẹ̀fọ́, tí kò rí ẹ̀wà, tí kò rí èso, tí kò rí omi tó, kò sí ohun tí yóò ti ìgbẹ́ jáde. Ó ní òun ò mọ̀ pé Baálẹ̀ yóò ṣe é dójú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olè! Ó ń fi búrẹ́dì funfun bọ́ olórí ìlú, ó ń lọ fi èkuru àti epo tọ́jú ìfun ara rẹ̀ létí odò. Akéde ò fẹ́ bú èèyàn lórí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le bí ojú ewúrẹ́ tó wọlé alásè.

Baálẹ̀ wo epo náà títí. Ó dìde, ó di ikùn mú, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni Àwẹ̀ró ti fi ń to èébú jọ sínú de ọkùnrin náà. Ó rí i tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú, ikùn rẹ̀ le. Gbogbo èébú náà sá lọ, ẹ̀rù ló kù. Ẹ̀rù bà á pé ọkọ òun fẹ́ kú nítorí ìgò. Kò jẹ́ kí ọkọ rí ẹ̀rù náà lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ, akéde wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ:

“Baálẹ̀, èmi kọ́ lẹ lé. Ikùn ara yín lẹ lé jáde.”

Ó bu omidùn fún un. Ó gé ìbẹ́pẹ. Ó se ẹ̀fọ́ kékeré kan, ó fi epo sí i, ó ní kó máa mumi lé e. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò bá yàgbẹ́, ilé ìwòsàn ló kàn, òun lòun yóò sì mú un lọ.

Ilẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ní ìdájí òní, Baálẹ̀ lọ! Baálẹ̀ lọ, ó sì dé! Ẹ má tíì sá. Ẹ dúró, ó ku díẹ̀.

Baálẹ̀ ní kí Àwẹ̀ró máa bọ̀ nílé. Àwẹ̀ró ní rárá. Ó ní ọkùnrin tó gbé ìkòkò òun jáde lójú gbogbo ayé, kó gbé e padà lójú gbogbo ayé, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, kì í ṣe ìránṣẹ́. Kó fọ̀ ọ́ kó tó gbé e wá. Kí akéde sì sọ ọ́ fún ìlú ẹni tó ń gbé Baálẹ̀ ró láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Akéde ti sọ ọ́. Ó ku ìkòkò.

Òfin ti kú! Èkíní kú, èkejì kú, ẹ̀kẹta kú, kí wọ́n dá ewúrẹ́ onílé padà. Ẹ̀kẹrin kú. Ẹ̀karùn-ún kú, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Igbó wà níbẹ̀ yẹn, ó fẹ̀. Ẹ máa lọ.

Kí ló dé tí ẹ ò lọ? Láti àná lẹ ti ń fún ẹsẹ̀ pọ̀. Kí lẹ ń wò lẹ́yìn akéde?

Háà. Ẹ yà fún un. Baálẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn, ìkòkò dúdú wà lórí rẹ̀. Ó ń rọra rìn. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró. Ó sọ̀ ọ́. Àwẹ̀ró yọjú wo inú ìkòkò. Ó fi ìka nu ìdí rẹ̀, ó wo ìka náà. Ó ní ìdí rẹ̀ ò mọ́.

Baálẹ̀ ti gbé e rù padà. Ó ti kọjú sódò. Àwẹ̀ró kọ́kọ́ dúró, ó ń wò ó lẹ́yìn. Ó wọlé. Ó ti jáde, ó mú kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ lọ́wọ́, ó ń tẹ̀ lé e lọ.

Ìkéde parí síbẹ̀. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó wà lóko. Ẹni tó ní òun ò gbọ́, kó bi ikùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni má pe akéde fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ bá a di agogo yìí mú.