Ẹ̀rọ Olówó Pọ́ọ́kú Tí Ó Da Ìdána Ẹ̀gbọ́n Mi Rú

Ọjọ́ kan wà tí mo ti sa gbogbo ipá mi láti gbàgbé, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kọ̀ jálẹ̀, kò kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ ìdána ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Nílé wa ní Adja-Ouèrè, Dàda ni à ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin, nítorí náà Dàda Àbẹ̀kẹ́ ni n ó máa pè é níhìn-ín. Bí ìwé yìí bá bọ́ sí i lọ́wọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kà á dé òpin kí ó tó bínú.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà. Bàbá mi rà á ní ọjà Pobè lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó búra pé yóò sọ pálọ̀ wa di ilé sinimá. Áńpílì ni gbogbo ènìyàn ń pè é níbí: àpótí dúdú kan tí ó ń gba ohùn láti ara tẹlifísọ̀n, fóònù tàbí rédíò, tí ó sì ń pín in fún àwọn báfù, ìyẹn àwọn àpótí ńlá tí ohùn ń gbà jáde. Báfù márùn-ún ni wọ́n yà sára páálí rẹ̀, mẹ́ta ni a bá nínú rẹ̀. Iná ojú rẹ̀ pọ̀ ju ohùn rẹ̀ lọ. Á pọ́n, á di àwọ̀ ewé, á máa ṣẹ́jú bí ẹni tí iyanrìn bọ́ sí lójú. Bí a bá gbé ohùn rẹ̀ kọjá ìdajì, á dákẹ́ lójijì, á sì kọ ọ́ sójú pé òun ń dáàbò bo ara òun. Títí di òní n kò mọ ẹni tí ó ń lépa rẹ̀. Bọ́tìnì tí a fi ń pa á ti jábọ́, ìṣó kékeré kan ni a fi ń tì í. Tẹlikọmáńdì tí a fi ń darí rẹ̀ láti ibi tí a jókòó sí kì í sì í ṣe tirẹ̀ gan-an: èyí tí ó ń gbé ohùn sókè nìkan ni ó ń gbọ́ràn nínú gbogbo bọ́tìnì ara rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni pé bí iná mànàmáná bá ṣẹ́ díẹ̀, áńpílì náà á kú, á sì tún jí fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti jí, ibi rédíò ni yóò bọ́ sí, ohun yòówù tí à báà máa gbọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ gbogbo, èyí kò ṣe wá ní nǹkan púpọ̀, nítorí pé a kì í so wáyà tí ó ń mú rédíò mọ́ ọn. Ariwo bí òjò orí páànù ni à ń gbọ́, ẹnìkan á sì dìde lọ wá ìṣó. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ìwà rẹ̀ nínú ilé, ìyẹn sì ń dùn mọ́ mi ju bí ó ti yẹ lọ.

Akanní ni orúkọ ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ Dàda. Káfíńtà ni ní Cotonou, ṣùgbọ́n ọmọ Massè ni. Ìdílé tiwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Ìdílé tirẹ̀ ń bọ àwọn baba ńlá wọn. Ó pẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé méjèèjì tó gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí bàbá àgbà Akanní, arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé, gbà níkẹyìn, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ilé wa gbọ́. Ó ní, "Ọjọ́ ìdána ni n ó máa wò. Bí ọjọ́ náà bá lọ ní ìrọ̀rùn, àwọn bàbá mi fọwọ́ sí i. Bí nǹkan bá dí i lọ́nà, àwa náà á mọ̀."

Dàda kò bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń rò: pípè. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyàwó kì í dédé jáde lọ́jọ́ ìdána. Inú yàrá ni yóò wà títí ọkọ yóò fi dọ̀bálẹ̀, tí àgbà ìdílé ọkọ yóò fi gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni àgbà yẹn yóò pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú gbogbo ènìyàn, ìgbà kẹta ni yóò sì jáde pẹ̀lú ìborùn lórí. Dàda ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó nínú yàrá lọ́jọ́ ìdána tiwọn títí ó fi sú u. Ó máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe òun, òun á ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Bàbá mi fẹ́ yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹnìkan ní ìlú. Èmi ni mo kọ̀.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ yá ti ẹnikẹ́ni. Tiwa tó."

"Ṣé èyí tí ó máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni n ó jókòó tì í."

Dàda tí ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbójú sókè. "Pé ìwọ ni o máa jókòó tì í yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí èmi má rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé áńpílì sórí tábìlì lábẹ́ àtíbàbà, mo to àwọn báfù, mo sì fa wáyà iná láti pálọ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n tó so òmíràn mọ́ ọn dé abẹ́ àtíbàbà. Bí àwọn àlejò kò ti ì dé, mo rò pé orin yóò dára. Mo so wáyà rédíò mọ́ áńpílì, mo gbé orí rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, rédíò ìbílẹ̀ sì gbé orin aládùn sáfẹ́fẹ́. Obìnrin kan tí ó ń kọjá lọ sí ọjà jó pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wá dúró tì mí. Orí mi wú. Mo pinnu pé bí mo bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà àwọn àna ni n ó tú wáyà rédíò náà kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé, maikirofóònù ni wọ́n ń pariwo pé kí n gbé wá, ọkàn mi sì kúrò lórí igi máńgòrò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó ń dáko ní Kpoulou, tí a ń pè ní Bàbá Kpoulou, ni agbẹnusọ wa. Ó gbé maikirofóònù sẹ́nu, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin..." ó sì fò sẹ́yìn.

"Yéè! Nǹkan yìí gé mi ní ètè jẹ!"

Ìyá kan láàárín àwọn ará Massè dáhùn kíákíá: "Ẹ jẹ́ kó gé yín jẹ díẹ̀ sí i, bóyá ọ̀rọ̀ yín á kúrú!"

Ẹ̀rín sọ. Mo sáré fi áńkáṣíìfù mi wé maikirofóònù náà kí iná má baà tún gbé e. Bàbá Kpoulou kò tún fi ẹnu súnmọ́ ọn mọ́. Ó nà án síwájú bí ẹni tí ó di ejò mú. A kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Mo gbé ohùn sókè, áńpílì dáàbò bo ara rẹ̀, ó dákẹ́. Mo jí i, mo rẹ ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, a kò tún gbọ́ nǹkan. Òógùn bò mí. Bàbá mi kò bá mi wí, ojú rẹ̀ nìkan ni ó fi ń sọ ọ́.

Síbẹ̀, nǹkan ń lọ. Akanní àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá àgbà dìde, ó gba maikirofóònù, ohùn kékeré rẹ̀ sì jáde dáadáa nínú báfù. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

"Ilé tí ẹ ó kọ́ kò ní gbóná."

"Àṣẹ!"

"Ẹ ó fọmọ ṣeré lórí ẹní yín."

"Àṣẹ!"

Ní àkókò yẹn ni Tàǹtí mi, àbúrò ìyá mi, rí i pé ohun mímu ń gbóná. Ó ki fíríìjì bọ iná kan náà tí mo ti ń fa tèmi. Iná ṣẹ́. Áńpílì kú, ó sì jí.

Gbogbo ẹni tí ó ń gbé ní agbègbè wa mọ̀ pé ọ̀sán ni rédíò ìbílẹ̀ máa ń ka ìkéde òkú. Ìyá mi kì í fi oúnjẹ sẹ́nu títí wọn yóò fi kà á tán. Èmi náà mọ̀. Ibi tí mo gbé ìmọ̀ náà pa mọ́ sí lọ́jọ́ yẹn ni n kò mọ̀. Ohùn obìnrin kan tí ó tutù, tí ó mọ́ gaara, jáde láti inú báfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni ìdílé yìí fi ń sọ fún tẹbí tọ̀rẹ́ pé bàbá wọn ti jáde láyé."

Ìdáhùn ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu.

"Àṣẹ!"

Gbogbo àtíbàbà dáhùn pọ̀. Mo rò pé tèmi ni ó ròkè jù.

Obìnrin inú rédíò kò dúró, ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ olóògbé ní ṣísẹ̀-ǹ-tẹ̀lé. Mo wá ìṣó, n kò rí i. Mo gbá tẹlikọmáńdì mú, mo tẹ gbogbo bọ́tìnì ara rẹ̀. Ohùn obìnrin náà wá ń ròkè sí i, ṣùgbọ́n kò kọjá ìdajì kí ẹ̀rọ náà lè dákẹ́. Mo fẹ́ sáré lọ fa wáyà, wáyà náà kọ́ mi lẹ́sẹ̀, èmi àti báfù kan jọ ṣubú. Akanní ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé a kò tíì ní kí ó dìde. Ó gbé orí díẹ̀, ó ń wò mí bí àgbò tí wọ́n dè.

Ẹni tí ó pa ẹ̀rọ náà ni Dàda. Ó já jáde láti inú yàrá, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa wáyà já. Ó wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, kò sí ìborùn lórí rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń wò ó.

Bàbá àgbà kò pariwo. Ó fi ohùn kékeré rẹ̀ béèrè pé, "Ta ni ó pe ìyàwó?"

Ó wò wá yíká.

"Ẹ̀yin àna wa, ẹ kò ṣe wá ní ibi," ó ní. "Ṣùgbọ́n a ti ṣe àṣẹ sí òkú, ìyàwó sì ti jáde láìpè. N kò lè parí àdúrà yìí." Wọ́n kó ẹrù ìdána padà sórí ọ̀kadà. Akanní ni ó gbẹ̀yìn wọn. Ó padà sí ẹnu iṣẹ́ ní Cotonou, Dàda sì padà sínú yàrá, ó ń ká aṣọ tí kò tíì wọ̀.

Oṣù tí ó tẹ̀ lé e korò. Ní ọjà, wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìyàwó Rédíò. Kò bú mi. Ó kàn ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń bá àlejò sọ̀rọ̀, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ. Bàbá mi àti Bàbá Kpoulou lọ bẹ̀bẹ̀ ní Massè títí bàtà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ká àgbàdo tán, bàbá àgbà gbà pé kí a tún un ṣe. Kò sí ẹ̀rọ kankan. Arúgbó náà sọ̀rọ̀, gbogbo ènìyàn tẹ orí síwájú, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí ó bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò pe Dàda. Bàbá àgbà ní ẹni tí ó ti jáde, a kì í tún pè é. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni Dàda jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ó ń wo ilẹ̀.

Adìẹ ìyá mi ń yé sínú báfù ńlá báyìí. Èmi sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ pé ohun tí mo fẹ́ràn láti fi han ènìyàn yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn nílò lọ́wọ́ mi, àti pé ọjọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí n ti máa wá ìyìn ara mi. Ó dùn mí pé ọjọ́ Dàda ni mo fi kọ́ ọ.

Bí mo bá lọ kí i nílé ìdílé ọkọ rẹ̀ ní Massè, n kì í wọlé tààrà. Mo máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo máa ń fi gbogbo ọ̀fun mi pe orúkọ rẹ̀ títí àwọn ará àdúgbò yóò fi yọjú. Lẹ́yìn ìgbà kẹta ni n ó tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná: "Wọlé jàre, tàbí o fẹ́ kí n wá fa wáyà tìrẹ náà yọ?" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, n ó sì wọlé.