Orí Balógun Tí Wọ́n Bẹ́ Nínú Géèmù

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ajagbà, tọmọdé tàgbà! Ẹ gbé fóònù kalẹ̀! Ẹ ti idà bọ àkọ̀! Ọba ló rán akéde.

Wọ́n ti bẹ́ orí Balógun Akíngbadé! Nínú géèmù ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ́ ẹ!

Ẹ mọ géèmù náà. Bídèmí, ọmọ aránṣọ, ló dá a ṣe nínú yàrá rẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Orí fóònù ni ará ìlú ti ń pàdé jà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú idà lọ́wọ́ àti orúkọ tó fi bojú. Balógun wọlé. Ó pàdé ẹnì kan tó ń jẹ́ Ẹ̀fúùfù. Balógun kò yọ idà. Ilé wọn kì í jà láì kọ́kọ́ ki ara wọn. Ó gbé ohùn sókè: “Èmi Akíngbadé, ọmọ...” Ibi “ọmọ” ló dé. Orí ti bọ́.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Ọ̀tún ní eré lásán ni. Òsì bi í pé, “Ẹni tí kò lórí, níbo ni yóò dé fìlà sí?” Kábíyèsí dájọ́: kí Balógun lọ gba orí rẹ̀ padà lọ́wọ́ Ẹ̀fúùfù. Bí kò bá rí i gbà, fìlà oyè di ti ẹni tó bẹ́ ẹ.

Wọ́n tún ìjà náà jà láàárọ̀ yìí, lójú gbogbo ààfin. Balógun ti gbọ́n. Kò ki ara rẹ̀. Ó há Ẹ̀fúùfù mọ́ ògiri. Ó gbé idà sókè, ó ku kó ṣá a. Ni ohùn bá jáde nínú fóònù: “Akíngbadé, ọmọ afidà-túlẹ̀-oko, ọmọ arógun-má-yẹsẹ̀...” Orí Balógun wú. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ó dúró gbọ́ ọ dé ìparí. Ó ní, “Ẹ ṣeun.”

Wọ́n bẹ́ orí tó wú náà.

Nítorí náà, àṣẹ ọba rèé!

Èkíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ẹni tó ti yọ idà. Ẹni tó bá ṣe é, ewúrẹ́ kan!

Èkejì: ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ àgbà lórí, kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Obìnrin yóò kúnlẹ̀. Bídèmí ní bọ́tìnì ìkúnlẹ̀ kò tíì sí. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ àgbà títí yóò fi sí. Ẹni tó bá rú òfin yìí kò ní fọwọ́ kan fóònù títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Iṣu tuntun! Iṣu tuntun!

Ẹ̀kẹta: “Ẹ kú àfẹ́kù orí” ti tó. Balógun ti gbọ́.

Ẹ̀kẹrin: gbogbo ààfin ló dá ohùn Ẹ̀fúùfù mọ̀. Àwẹ̀ró ni, ìyàwó Balógun. Ta ló tún mọ oríkì ilé náà dé ìparí? Láti òní lọ, òun ni Balógun. Fìlà náà bá orí rẹ̀ mu.

Balógun àná ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin. Kò fẹ́ relé. Balógun tuntun ní kí akéde bá òun sọ fún un: oúnjẹ ti délẹ̀. Kó máa bọ̀. Orí rẹ̀ wà nílé.

Bí ọba ṣe wí i nìyẹn. Akéde kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Orí akéde ṣì wà lọ́rùn. Ó ń lọ o!